Ààjà nínú àhámọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí electron tó ń ṣe bí omi

Tí mo bá sọ fún ènìyàn pé electron, hóró tín-ín-tìn-tín inú átọ́mù tó ń gbé iná, ni àwọn onímọ̀ físíìsì kan ń fi wo bí omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ń yí po, ó máa ń rò pé mo ṣì í sọ ni. Mi ò ṣì í sọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára débi pé mo kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lọ jọ síbí, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lè kà á ní èdè wa.

Kí lẹ ń pè ní ààjà?

Ohunkóhun tó bá ń ṣàn, tó wá ń yí po lójú kan. Ẹ rántí ìgbà ọyẹ́, lọ́sàn-án gangan, lórí pápá ilé-ìwé: ekuru á kàn dìde, á máa yí bìrìbìrì, á gbé ewé àti ọ̀rá sókè, á rìn kọjá pápá, á sì pòórá. Wọ́n máa ń ní kí àwa ọmọdé sá fún un, kó má baà gbé wa lọ. Omi tó ń yí níbi ihò ìwẹ̀, ìjì ńlá orí òkun tí ojú rẹ̀ ń hàn nínú fọ́tò sátẹ́láìtì, àbàwọ́n pupa rìbìtì tó wà lára pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn. Ti afẹ́fẹ́ nìkan ni Yorùbá ń pè ní ààjà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni mo máa fi ọ̀rọ̀ náà pè níbí, torí pé ẹni tó bá ti rí ààjà rí ti mọ ohun tí mò ń sọ.

Kí ló dé tí wọn ò fi omi gan-an ṣe ìwádìí ọ̀hún?

Wọ́n ń fi omi ṣe é náà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé omi kì í jẹ́ kí nǹkan pẹ́. Ẹ bu omi sínú bàsíà, ẹ fọ́n ata gígún díẹ̀ sójú rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ rò ó yí po, kí ẹ wá yọwọ́. Ata yẹn á yí dáadáa fún ìgbà díẹ̀, yíyí náà á máa rọlẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi dúró. Ìsàlẹ̀ bàsíà ń dì í mú, etí bàsíà ń dì í mú, omi fúnra rẹ̀ sì ń fà. Ilá ń fà, oyin ń fà. Ti omi kéré, ṣùgbọ́n kékeré yẹn tó láti pa ààjà kó tó fi gbogbo ìwà rẹ̀ hàn.

Ohun kejì ni pé omi inú bàsíà ń lọ sókè, ó ń lọ sísàlẹ̀, ó sì ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ yìí ń wá ni ìṣàn pẹrẹsẹ: síwájú-sẹ́yìn àti sọ́tùn-ún-sósì nìkan, láìsí òkè tàbí ilẹ̀. Ó nídìí. Afẹ́fẹ́ tí òjò àti ìjì ti ń ṣẹlẹ̀ kò nípọn ju nǹkan bíi kìlómítà 10 sí 15 lọ, bẹ́ẹ̀ ìjì kan lè fẹ̀ tó kìlómítà 1000. Tí ẹ bá wò ó láti òkè réré, bí àkàrà pẹlẹbẹ ló rí.

Irú àhámọ́ wo ni wọ́n ń fi electron sí?

Páìpù mẹ́táàlì ni, tí wọ́n gé sí òrùka òrùka, tí wọ́n tò wọ́n tẹ̀ léra láì jẹ́ kí ọ̀kan kan èkejì. Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde débi pé èyí tó kù jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú tírílíọ̀nù afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Wáyà tungsten tó gbóná janjan, irú èyí tó wà nínú gílóòbù àtijọ́, ló ń tu electron sínú rẹ̀. Òrùka ìpẹ̀kun méjèèjì ni wọ́n fún ní iná nẹ́gẹ́tíìfù. Nẹ́gẹ́tíìfù ni electron náà, nítorí náà ẹnu páìpù ń lé wọn padà. Kí wọ́n má baà gba ẹ̀gbẹ́ lọ, agbára òòfà kan gba inú páìpù kọjá láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, òun ló dì wọ́n mú. Gauss ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà. Ní San Diego ní Amẹ́ríkà, gauss ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Òòfà ilẹ̀ ayé tó ń darí kọ́ńpáàsì kò pé gauss kan.

Penning-Malmberg ni orúkọ àhámọ́ náà. Frans Penning jẹ́ ará Netherlands. John Malmberg jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní San Diego, òun àti J. S. deGrassie sì ni wọ́n tẹ ìwádìí tó ṣí ọ̀nà yìí jáde ní 1975. Electron inú rẹ̀ kò pọ̀. Nínú àyè tó tó sẹ́ńtímítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga, bíi mílíọ̀nù 10 ló ń wà. Mílíọ̀nù 10 dà bíi pé ó pọ̀, àmọ́ òfìfo ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ afẹ́fẹ́ tó wà nínú iyàrá yín.

Ṣé electron kì í lé ara wọn ni? Kí ló dé tí wọn ò fọ́n ká?

Wọ́n ń lé ara wọn gan-an, lílé yẹn ló sì ń gbé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rìn.

Nínú agbára òòfà, electron kì í lọ síbi tí wọ́n bá tì í sí. Ó ń yí òbìrí kékeré kan tí kò ju ìbú irun orí lọ. Bí nǹkan bá ń tì í bó ṣe ń yí, apá kan òbìrí náà á fẹ̀ ju apá kejì lọ, kò sì ní lè padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, á tún sún, á tún sún. Ẹ tì í síwájú, ẹ̀gbẹ́ ló gbà. Wàyí o, gbogbo electron inú páìpù ló ń ti ara wọn síta. Títì síta yẹn ni òòfà ń yí padà di lílọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, lílọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti gbogbo ìhà sì di yíyí po. Odindi ọ̀wọ́ electron náà á máa yí yípo àárín páìpù. Ààjà dé nìyẹn.

Ìdí tí wọn kì í fi í sá tán ni T. M. O'Neil ti San Diego kan náà ṣàlàyé ní 1980. Ẹ wọn bí electron kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí àárín páìpù tó, ẹ fi iye yẹn sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ ro ti gbogbo wọn pọ̀. Àpapọ̀ yẹn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Tí àwọn kan bá sún síta, àwọn mìíràn gbọ́dọ̀ sún wọlé. Kò sọ́nà tí gbogbo wọn lè jọ gbà jáde. Irú ọ̀wọ́ hóró oníná báyìí ni wọ́n ń pè ní plasma. Èyí tí pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù bá pọ̀ nínú rẹ̀ kò ní ààbò yìí, torí pé oríṣi méjèèjì lè jọ sá jáde pa pọ̀.

Ó dáa, ó ń yí. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé bí omi ló ṣe ń yí?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ìdáhùn rẹ̀ kọjá àfiwé.

Ní 1757, onímọ̀ ìṣirò Leonhard Euler tẹ ìdọ́gba kan jáde nípa bí omi tí kò fà rárá ṣe ń ṣàn. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá ń ṣàn pẹrẹsẹ, tí ẹ bá ti mọ bí ojú kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ṣe ń yí tó, ẹ lè ṣírò bí gbogbo omi náà ṣe ń lọ. Omi tó ń lọ náà á wá máa gbé yíyí yẹn dání bí ẹni gbẹ́rù, kò ní bù nínú rẹ̀, kò ní fi kún un. Ẹ wá padà sídìí electron. Bí electron ṣe kún ojú kọ̀ọ̀kan tó ló ń sọ bí fóltéèjì ibẹ̀ ṣe máa rí. Fóltéèjì ló ń sọ ibi tí electron máa sún sí. Bí wọ́n sì ṣe ń sún, wọ́n ń gbé kíkún yẹn dání láì fún un pọ̀, láì tú u ká. Ẹ kọ ìdọ́gba méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ó rí i pé lẹ́tà nìkan ló yàtọ̀. Ibi tí onímọ̀ omi bá ti kọ yíyí, onímọ̀ plasma á kọ iye electron. Briggs, Daugherty àti Levy ti fi eléyìí hàn lórí ìwé ní 1970, kó tó di pé ẹnikẹ́ni fi ojú rí i nínú àhámọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ pẹrẹsẹ. Electron kọ̀ọ̀kan ń sáré lọ sáré bọ̀ láàárín ẹnu páìpù méjèèjì ju ìgbà ọ̀kẹ́ márùn-ún lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ó tó sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti dé gbogbo orígun páìpù náà, nítorí náà ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níwájú náà ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ mú ìgbálẹ̀ tí wọ́n dì dáadáa, kí ẹ wò ó láti ìdí rẹ̀: ẹyọ kọ̀ọ̀kan gùn, ṣùgbọ́n àmì tó-tò-tó ni ojú yín ń rí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wọ́ electron náà rí. Àwọn àmì yẹn ló ń ṣàn pẹrẹsẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí ohun tí kò ṣeé fojú rí?

Wọ́n á mú fóltì nẹ́gẹ́tíìfù kúrò ní ẹnu kan lójijì. Electron á tú jáde tààrà lójú òòfà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì á fà wọ́n pẹ̀lú eré burúkú lọ kọ lu gíláàsì tí wọ́n fi fọ́sífọ́ọ̀ kùn, irú èyí tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Ibi tí electron bá pọ̀ sí á tàn yòò, ibi tí wọn ò pọ̀ sí á ràn bàìbàì, kámẹ́rà á sì yà á.

Kí n dúró níbí díẹ̀. Onímọ̀ omi tó bá fẹ́ mọ bí ojú kan ṣe ń yí tó gbọ́dọ̀ da nǹkan wẹ́wẹ́ sínú omi, kó tọpa ìrìn wọn, kó wá ti ibẹ̀ ṣírò yíyí. Àṣìṣe kékeré nínú ìrìn máa ń di àṣìṣe ńlá nínú yíyí. Ní ti electron, fọ́tò náà fúnra rẹ̀ ni yíyí. Ìmọ́lẹ̀ ibi kan ni yíyí ibẹ̀. Kò sí ìṣirò tó ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín.

Tí wọ́n bá ti tú u jáde, ó ti parẹ́ nìyẹn. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e?

Wọ́n á tún un ṣe. Wọ́n á da electron sínú páìpù, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á ṣí i, wọ́n á ya fọ́tò kan. Wọ́n á da òmíràn sí i lọ́nà kan náà gẹ́lẹ́, wọ́n á dúró pẹ́ díẹ̀ sí i, wọ́n á tún yà á. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí fọ́tò wọn á fi tò bíi fíìmù. Gbogbo agbára iṣẹ́ náà wà lórí kí ìbẹ̀rẹ̀ máa rí bákan náà lójoojúmọ́, èyí sì gba sùúrù tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an.

Joel Fajans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley gbé ọgbọ́n mìíràn lé e. Dípò wáyà tó gbóná, wọ́n lo ojú kan tó máa ń tu electron jáde tí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Àwòrán tí ẹ bá fi ìmọ́lẹ̀ yà sójú rẹ̀ ni electron máa bá jáde: ààjà kan, ààjà méjì, tàbí márùn-ún tó yípo bí òrùka.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ tí ààjà méjì bá pàdé?

Wọn kì í kọ lu ara wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé èkejì yí, nítorí náà wọ́n á máa yí yípo ara wọn bí ẹni méjì tó so ọwọ́ pọ̀ lójú agbo ijó. Ìbéèrè tó kù ni bóyá wọ́n máa di ọ̀kan. Fine, Driscoll, Malmberg àti Mitchell fi electron dáhùn rẹ̀ ní 1991: tí ààjà méjì bá dọ́gba, tí àlàfo láti àárín ọ̀kan dé àárín èkejì kò bá tó nǹkan bí ìlọ́po 1.6 ìbú ọ̀kan nínú wọn, kíá ni wọ́n máa para pọ̀. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, wọ́n lè yí ara wọn ká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láì para pọ̀. Ojú ààlà náà mú bí abẹ.

Nígbà tí wọ́n bá para pọ̀, ó dára láti wò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á na apá tín-ínrín kan jáde, àwọn apá náà á wé mọ́ ààjà tuntun náà, wọ́n á máa tín-ínrín sí i bí okùn òwú, títí kámẹ́rà ò fi ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́.

Mo gbọ́ pé ààjà lè tò bíi kírísítálì, létòlétò bí átọ́mù inú iyọ̀. Ṣé lóòótọ́ ni?

Lóòótọ́ ni, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ yìí ti ya àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn lẹ́nu.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ti gbà tẹ́lẹ̀ ni pé nínú ìṣàn pẹrẹsẹ, kékeré máa ń di ńlá. Onímọ̀ kan, Lars Onsager, ti sọ ọ́ ní 1949 pé ààjà tó ń yí sí ìhà kan náà máa kó jọ. Tí ọ̀pọ̀ ààjà kéékèèké bá wà, wọ́n á máa para pọ̀ ní méjìméjì títí yóò fi ku ẹyọ kan ṣoṣo láàárín. Ní San Diego, wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú electron tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Kíá ló fọ́ sí ààjà tó tó 50 sí 100, wọ́n ń sáré kiri láìsí ètò, wọ́n ń para pọ̀, wọ́n ń dín kù. Nígbà mìíràn, ó ku ẹyọ kan lóòótọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, nígbà tí ó bá ku ààjà mélòó kan, ìparapọ̀ á kàn dúró. Àwọn tó kù á tò sí ipò wọn, àlàfo àárín wọn á dọ́gba, gbogbo wọn á sì máa yí lápapọ̀ bí ihò tí wọ́n lu sára àwo kan. Fine, Cass, Flynn àti Driscoll tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1995. Ètò náà lè wà bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún yíyí.

Kí ló fà á? Àwọn ààjà náà kò dá wà. Wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú electron fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí wọn ká. Bí wọ́n ṣe ń sáré kiri, wọ́n ń ro nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí pọ̀ bí ẹni rokà. Rírò yẹn ló ń gba ìdàrúdàpọ̀ lára wọn. Ohun tó wà láyìíká á pò pọ̀ yánpọnyánrin, àwọn ààjà fúnra wọn á sì rọlẹ̀, wọ́n á tutù, wọ́n á rí àyè wọn. Jin àti Dubin gbé ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1998: ètò tó bá jẹ́ kí ohun tó wà láyìíká dàrú dé góńgó, nígbà tí àwọn ààjà alágbára kò dàrú, ni ètò tó máa ń jáde. Mo ti kà á lọ́pọ̀ ìgbà, ó ṣì ń wú mi lórí pé ìdàrúdàpọ̀ ibì kan ló ń ra ètò fún ibòmíràn.

Ààjà mélòó ló lè yípo bí òrùka láì túká?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ní àkókò kan, onímọ̀ físíìsì Lord Kelvin rò pé átọ́mù jẹ́ ààjà kéékèèké, torí náà wọ́n fẹ́ mọ iye tó lè dúró pọ̀. Ní 1883, J. J. Thomson ṣírò rẹ̀, ó sì rí i pé ààjà tó dọ́gba lè tò yípo títí dé mẹ́fà. Méje wà lójú ààlà gan-an, mẹ́jọ ń túká. Èrò pé átọ́mù jẹ́ ààjà kùnà, ìṣirò náà kò kùnà. Thomson yìí kan náà ló wá ṣàwárí electron ní 1897. Ní 2000, Durkin àti Fajans to ààjà electron yípo nínú àhámọ́ ní Berkeley, pẹ̀lú òmíràn láàárín àti láìsí òmíràn láàárín, wọ́n ń wo èyí tó dúró àti èyí tó wó. Ohun tí Thomson ṣàwárí ni wọ́n fi dán ìṣirò Thomson wò.

Ṣé irú rẹ̀ wà níbì kan lójú ọ̀run tàbí lórí ilẹ̀ ayé?

Juno, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà rán lọ sójú ọ̀run láìsí ènìyàn nínú rẹ̀, dé Júpítà ní 2016. Àwòrán tó fi ránṣẹ́, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, fi ìjì ńlá kan hàn ní ìpẹ̀kun àríwá, tí mẹ́jọ yí i ká; ní gúúsù, ọ̀kan wà láàárín, márùn-ún yí i ká. Àwọn ìjì náà fẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ẹni tó bá ti rí fọ́tò electron ti 1995 kò lè ṣàì rántí rẹ̀. Ìyàtọ̀ wà o: ìwádìí kan tó jáde ní 2020 sọ pé ohun tí kò jẹ́ kí ìjì Júpítà para pọ̀ ni òrùka tó ń yí sí òdìkejì tó wà láyìíká ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Electron kò ní irú òrùka bẹ́ẹ̀.

Lórí ilẹ̀ ayé, nínú oṣù September 2003, ojú ìjì Isabel, ìyẹn ihò àárín rẹ̀, lórí òkun Àtìláńtíìkì ní igun márùn-ún bí ìràwọ̀, torí pé àwọn ààjà kéékèèké tò sínú rẹ̀.

Níbo ni àfiwé yìí ti já?

Ibi méjì ni mo máa ń tẹnu mọ́. Nẹ́gẹ́tíìfù ni gbogbo electron, nítorí náà ìhà kan ṣoṣo ni ààjà wọn ń yí sí. Nínú òkun àti afẹ́fẹ́, àwọn kan ń yí sọ́tùn-ún, àwọn kan ń yí sósì, méjì tó yàtọ̀ sí ara wọn sì lè jọ rìn lọ tààrà. Àhámọ́ yìí kò lè fi ìyẹn hàn wá ní tààràtà. Èkejì, ẹnu páìpù kì í lé gbogbo electron padà níbì kan náà, torí náà àwọn kan ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti àwọn mìíràn lọ. Ìyẹn máa ń da ìwà kan wọ inú ọ̀wọ́ náà tí omi Euler kò ní.

Ṣé wọ́n ṣì ń ṣe iṣẹ́ yìí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní San Diego, Cliff Surko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín òrùka kan sí ọ̀nà mẹ́jọ kí wọ́n lè máa fa ààjà láti ìta, kí wọ́n rí bó ṣe ń gùn àti ìgbà tó ń ya. Milan àti Kyoto náà ti ṣe tiwọn. Irú àhámọ́ yìí sì ni wọ́n fi ń kó positron àti antiproton (òdìkejì electron àti òdìkejì proton) pa mọ́ ní CERN, ilé ìwádìí físíìsì ńlá tó wà lẹ́bàá Geneva; ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ALPHA, tí Fajans wà nínú rẹ̀, ti dá átọ́mù antihydrogen (òdìkejì hydrogen) 38 dúró ní 2010.

Mi ò ní àhámọ́, mi ò ní òòfà. Kí ni mo lè fi wò ó?

Kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tó lè ṣíṣẹ́ Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ti tó. Ẹ mú ààjà kọ̀ọ̀kan bí àmì kan lójú ìwé. Àmì kọ̀ọ̀kan ń gbé àwọn yòókù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í fà wọ́n, kì í tì wọ́n. Bí wọ́n bá ṣe jìnnà sí i tó ni eré náà ṣe ń dín kù, ìlọ́po méjì jíjìnnà, ìdajì eré. Ẹ ro gbogbo ìgbélọ yẹn pọ̀ fún àmì kọ̀ọ̀kan, ẹ sún un díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. Kò ju ogún ìlà kóòdù lọ. Ẹ kọ́kọ́ to mẹ́fà yípo, ẹ sún ọ̀kan kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, ẹ wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ to mẹ́jọ.